Ohun Tí Jẹjẹrẹ Ń Jẹ, àti Oògùn Tí Ó Bá Olúkúlùkù Aláìsàn Mu

Àwọn baba wa kì í sọ orúkọ lásán. Nígbà tí wọ́n rí àrùn kan tí ń bẹ̀rẹ̀ bí kókó kékeré, tí kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń jẹ ẹran ara lọ díẹ̀díẹ̀ títí agbára aláìsàn yóò fi tán, wọ́n pè é ní jẹjẹrẹ. Nínú orúkọ yìí gan-an ni ìbéèrè kan fara pamọ́ sí, èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń wá ìdáhùn sí láti nǹkan bí 100 ọdún wá: kí ni àrùn yìí ń jẹ, báwo ni ó sì ti ń jẹ ẹ́?

Ìbéèrè kejì wà tí ó kan olúkúlùkù ilé ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí obìnrin méjì ní àdúgbò kan bá ní jẹjẹrẹ ọmú ní àkókò kan náà, tí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn kan náà, tí a sì fún wọn ní oògùn kan náà, ó lè ṣẹlẹ̀ pé ara ọ̀kan yóò yá, tí èkejì kì yóò sì rí nǹkan kan gbà níbẹ̀ bí kò ṣe èébì, irun tí ń re, àti ìnáwó. Nígbà náà ni àwọn ará ilé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Ọ̀kan a ní ọ̀tá ni ó wà nídìí rẹ̀. Òmíràn a ní nọ́ọ̀sì ni kò tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ẹlòmíràn a sì ní kí a tètè gbé e kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó má sí ẹnikẹ́ni tí ó jẹ̀bi. Ìka kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni jẹjẹrẹ kò dọ́gba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí a fi ojú ìwé yìí ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jùlọ ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nínú ilé, bí àwọn onímọ̀ ti ń gbìyànjú láti mọ oògùn tí ó bá olúkúlùkù mu. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni a ó tọ̀. Èkínní ni wíwádìí oúnjẹ tí jẹjẹrẹ ń jẹ. Èkejì ni gbígbin jẹjẹrẹ aláìsàn náà sínú àwo, kí a lè dán oògùn wò lára rẹ̀ kí a tó dán an wò lára ènìyàn.

ÀÀRÒ TÍ Ó WÀ NÍNÚ ARA

Bí a ti ń fi bíríkì kọ́ ilé, bẹ́ẹ̀ ni a fi àwọn ohun kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí kọ́ gbogbo ara ènìyàn. Sẹ́ẹ̀lì ni a ń pè wọ́n. Olúkúlùkù wọn ni ó ní ààrò tirẹ̀. Nígbà tí a bá jẹ iyán, ẹ̀bà tàbí ìrẹsì, inú a lọ̀ ọ́, a sì di ṣúgà tí ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri. Sẹ́ẹ̀lì a sì gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí igi ìdáná. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú, èyí tí ń jẹ́ ọ́síjìn, ni ó ń mú kí igi náà jó di eérú. Bí afẹ́fẹ́ bá tó, agbára tí sẹ́ẹ̀lì yóò rí nínú ẹyọ ṣúgà kan á tó nǹkan bí ìwọ̀n 30. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́, ìwọ̀n 2 péré ni yóò rí, ìyókù yóò sì di omi kíkan. Kíkan yìí kò ṣàjèjì sí wa: irú rẹ̀ kan náà ni ó ń mú ògì kan nígbà tí a bá rẹ àgbàdo fún ọjọ́ mélòó kan.

Láàárín ọdún 1920 sí 1930, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Otto Warburg, ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, gé ẹran jẹjẹrẹ wẹ́wẹ́, ó kó o sínú ìgò, ó sì wọn iye ṣúgà àti afẹ́fẹ́ tí ó ń lò. Ohun tí ó rí yani lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ wà lọ́pọ̀lọpọ̀, síbẹ̀ ẹran jẹjẹrẹ náà kò jẹ́ kí igi jó tán. Ó ń gba ṣúgà púpọ̀púpọ̀ wọlé, ó sì ń sọ èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú rẹ̀ di omi kíkan, bí ẹni tí ń fi odindi ẹrù igi se ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo. Ní ọdún 1931 a fún Warburg ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí sẹ́ẹ̀lì ti ń lo afẹ́fẹ́.

Warburg rò pé ààrò sẹ́ẹ̀lì náà ni ó bàjẹ́. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e rí i pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀ràn rí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹjẹrẹ. Ààrò náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ń yára bí sí i, ẹni tí ó sì ń kọ́ ilé kì í fi gbogbo pákó rẹ̀ dáná. Ó ń fi apá kan ṣúgà náà ṣe ohun èlò tí yóò fi kọ́ sẹ́ẹ̀lì tuntun. Nítorí náà ohun tí a rò pé ó ń fi ṣòfò, òwò ni ó ń fi ṣe.

ÀWÒRÁN TÍ Ń TỌ IPASẸ̀ ṢÚGÀ

Láti inú ìmọ̀ yìí ni a ti rí ọgbọ́n kan tí ń ran àwọn oníṣègùn lọ́wọ́ títí di òní. Ní ọdún 1976, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, a fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ irú ṣúgà kan fún ìgbà àkọ́kọ́, èyí tí a ti fi ìtànṣán tí ojú kò lè rí sàmì sí. Sẹ́ẹ̀lì a gbà á wọlé bí ẹni pé ṣúgà gidi ni, ṣùgbọ́n kò lè lò ó tán, nítorí náà yóò há síbẹ̀. Ẹ̀rọ ayàwòrán tí a ń pè ní PET a sì fi ibi tí ó kójọ sí hàn. Ibi tí jẹjẹrẹ bá sá pamọ́ sí a tàn nínú àwòrán náà bí àtùpà nínú òkùnkùn. Bí a bá ti fún aláìsàn ní oògùn, tí a sì tún ya àwòrán náà, tí àtùpà náà ti ń kú lọ, dókítà a mọ̀ pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó tàn ni jẹjẹrẹ. Ọpọlọ ń jẹ ṣúgà púpọ̀, ọkàn pẹ̀lú ń jẹ ẹ́, ibi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró náà a máa tàn. Nítorí náà ni ọlọgbọ́n dókítà kì í fi àwòrán nìkan dájọ́.

Ẹ MÁ ṢE FI EBI PA ALÁÌSÀN

Níhìn-ín ni a fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri tí ó ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ibi. Wọ́n ní níwọ̀n bí jẹjẹrẹ ti ń jẹ ṣúgà, kí a gba oúnjẹ lẹ́nu aláìsàn, kí jẹjẹrẹ lè kú fún ebi. Nínú ilé mìíràn a gba gààrì àti iṣu kúrò níwájú rẹ̀. Nínú ilé mìíràn a kò jẹ́ kí ó fi ẹnu kan ọsàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ wa. Bí ènìyàn kò bá jẹun, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò máa fi ohun tí ó wà nínú ara rẹ̀ ṣe ṣúgà, kí ọpọlọ má baà kú. Ẹran apá àti ti itan ni yóò máa yọ́ lọ. Ìyẹn ni pé ṣúgà kò ní tán nínú ẹ̀jẹ̀. Aláìsàn ni yóò gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ kì í jẹ ṣúgà nìkan. Ó ń jẹ nínú ọ̀rá, ó sì ń jẹ nínú àwọn èròjà tí a ń rí láti inú ẹran, ẹja àti ẹ̀wà. Aláìsàn tí ó ti rù kọjá ààlà kì í lè fara da oògùn, nígbà mìíràn dókítà á ní láti dín oògùn náà kù tàbí kí ó dá a dúró.

A kò sọ pé oúnjẹ kò ní ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé nígbà tí wọ́n dín oúnjẹ tí ń di ṣúgà kù fún àwọn eku tí ó ní jẹjẹrẹ, irú oògùn kan ṣiṣẹ́ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi oúnjẹ náà nìkan, láìsí oògùn, bọ́ àwọn eku tí ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, àìsàn náà tún yára sí i. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ metformin, oògùn àwọn tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó retí pé yóò dá jẹjẹrẹ ọmú dúró. A dán an wò lára àwọn aláìsàn 3,649. Nígbà tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2022, kò fi àǹfààní kún ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà. Ohun tí ó dùn létí kọ́ ni ó ń wo àrùn.

OÒGÙN TÍ Ń DÍ Ọ̀NÀ OÚNJẸ

Bí a kò bá lè fi ebi pa jẹjẹrẹ láti ẹnu aláìsàn, ǹjẹ́ a lè dí ọ̀nà kan pàtó tí ó ń gbà jẹun? Èyí ṣeé ṣe, ó sì ti pẹ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1948, Dókítà Sidney Farber ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ròyìn ohun tí ó rí lára àwọn ọmọdé 16 tí ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, àrùn tí ó jẹ́ pé ikú dájú fún ọmọ tí ó bá ní i nígbà náà. Ó fún wọn ní oògùn kan tí ó jọ fítámì folic acid, tí sẹ́ẹ̀lì ń lò láti fi bí sí i, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun gan-an. Sẹ́ẹ̀lì gbé e mì, ó sì há a lọ́nà ọ̀fun. Ara 10 nínú àwọn ọmọ náà yá. Àìsàn náà padà wá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí.

Ní ọdún 1953, Dókítà John Kidd ní New York rí i pé ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ ẹranko kékeré tí àwọn Òyìnbó ń pè ní guinea pig ń pa irú jẹjẹrẹ kan lára eku. Lẹ́yìn náà ni a mọ̀ pé ohun náà ń jẹ èròjà kan tí ń jẹ́ asparagine run. Sẹ́ẹ̀lì tí ó pé lè dá èròjà yìí ṣe fúnra rẹ̀, bí ẹni tí ó ní oko tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan kò lè ṣe é, ọjà ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń rà á. Ọjọ́ tí ọjà bá tú, ebi pa wọ́n. Oògùn asparaginase yìí wà lára ohun tí a fi ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí ó ní irú àìsàn náà títí di òní.

Nígbà tí a rí i pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ eku ń lo èròjà kan tí ń jẹ́ uracil ju ẹ̀dọ̀ tí ó pé lọ, Charles Heidelberger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wisconsin ṣe èyí tí ó jọ ọ́, wọ́n sì fi ọta sínú rẹ̀. Ọdún 1957 ni wọ́n kéde rẹ̀. Fluorouracil ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó sì wà nínú ìtọ́jú ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹjẹrẹ ìfun àti ti ikùn káàkiri ayé.

Àwọn tuntun sì ti dé. Ní ọdún 2008 a rí i pé nínú jẹjẹrẹ ọpọlọ kan, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ inú ààrò sẹ́ẹ̀lì, tí ń jẹ́ IDH1, ti yí padà. Ní ọdún 2009 a mọ ohun tí ó ń ṣe: dípò kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ohun àjèjì kan ni ó ń pọn, èyí tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà bí ó ti yẹ. Ní ọdún 2018 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ivosidenib fún àwọn tí IDH1 wọn yí padà nínú irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan. Ní ọdún 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí vorasidenib fún irú jẹjẹrẹ ọpọlọ kan. Ẹni tí IDH rẹ̀ kò bá yí padà kò ní ohun tí yóò fi oògùn wọ̀nyí ṣe. Àyẹ̀wò ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́.

ARA ALÁÌSÀN NÁÀ NÍ Ọ̀RỌ̀ TIRẸ̀

Kì í ṣe kókó jẹjẹrẹ nìkan ni ó yàtọ̀ láti ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Ara tí ó gbé e náà yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a padà sí fluorouracil. Nígbà tí a bá fi í sínú ara, ẹ̀dọ̀ ni ó ń fọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dànù, nípa agbára ẹ́ńsáìmù kan tí a ń pè ní DPD. Àwọn ènìyàn kan wà tí a bí pẹ̀lú DPD tí kò tó, àwọn díẹ̀ sì wà tí kò ní rárá. Ìwọ̀n oògùn tí ó tọ́ sí ẹlòmíràn a di májèlé fún wọn: ẹnu wọn a bó, ìgbẹ́ gbuuru a mú wọn, ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń gbèjà ara a tán, ikú pẹ̀lú sì lè tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 2020, àwọn alábòójútó oògùn ní ilẹ̀ Yúróòpù dá a lámọ̀ràn pé kí a máa yẹ ara aláìsàn wò nítorí DPD kí a tó bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí àwa fetí sí gidigidi. Àwọn àmì 4 tí ó wọ́pọ̀ jùlọ nínú àyẹ̀wò náà, láti inú ìwádìí tí a ṣe lára àwọn Òyìnbó ni a ti yàn wọ́n. Àmì mìíràn wà tí a ń rí lára àwọn tí ó jẹ́ ìran Áfíríkà, kò sì sí nínú mẹ́rin náà. A lè sọ fún ọmọ Áfíríkà kan pé ewu kò sí, nígbà tí ó jẹ́ pé ibi tí ewu rẹ̀ wà ni a kò wò. Aṣọ tí a kò bá wọn ara ẹni fún kì í bá ni mu.

JẸJẸRẸ TÍ A GBÌN SÍNÚ ÀWO

Nísinsìnyí a dé ọ̀nà kejì. Ní ọdún 1951, ìyá ọlọ́mọ 5 kan, ọmọ Adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Ìyáàfin Henrietta Lacks, lọ sí ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore nítorí jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. A gé díẹ̀ lára kókó náà, a kò sì bi í léèrè bóyá ó fẹ́. Dókítà George Gey fi í sínú ìgò, ó sì ń bí sí i lójoojúmọ́, èyí tí kò tíì sí irú rẹ̀ rí. Ìyáàfin Lacks kú ní ọjọ́ 4 oṣù October ọdún náà, ní ẹni ọdún 31. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wà láàyè di òní, gbogbo ayé ni ó sì ti fi wọ́n ṣe ìwádìí. Ó ju 20 ọdún lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó mọ̀ sí i.

Àǹfààní tí a rí níbẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ sí ìsàlẹ̀ ìgò fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò jọ kókó tí ó wà lára ènìyàn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ fún wa ohun tí oògùn yóò ṣe lára ìyá tí ó jókòó níwájú dókítà ní òwúrọ̀ òní.

Ní ọdún 2009, ní ìlú Utrecht ní ilẹ̀ Netherlands, Toshiro Sato, tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Hans Clevers, mú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo láti inú ìfun eku, irú èyí tí ó jẹ́ ìyá fún àwọn yòókù. Ó gbìn ín sínú ohun kan tí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ó sì fún un ní àwọn èròjà tí ara fi ń bọ́ ọ. Sẹ́ẹ̀lì náà bí sí i, ó sì to ara rẹ̀ di ìfun kékeré, pẹ̀lú kòtò àti gegele rẹ̀. Organoid ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 2011 wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìfun ènìyàn àti jẹjẹrẹ rẹ̀. Ní ọdún 2015 wọ́n ti kó jẹjẹrẹ ìfun láti ara aláìsàn 20 jọ bí ẹni kó irúgbìn jọ sínú àká.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Dókítà a gé díẹ̀ nínú kókó aláìsàn, bí ìwọ̀n hóró ìrẹsì. A fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, a gbìn ín, a sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó dàgbà. Lẹ́yìn náà a pín in sínú àwọn àwo kéékèèké, a kán oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí olúkúlùkù, a sì wo èyí tí ó kú àti èyí tí kò kú.

Ǹjẹ́ àwo ń sọ òtítọ́? Ní ọdún 2018, àwọn oníṣègùn ní London tẹ àbọ̀ kan jáde. Nígbà tí kókó inú àwo bá ti sọ pé oògùn kan kì yóò ṣiṣẹ́, kò ṣiṣẹ́ lára aláìsàn náà rárá. Nígbà tí ó bá sì ti sọ pé yóò ṣiṣẹ́, ó ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n 88 nínú 100. Ìwúrí ńlá ni èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye aláìsàn tí a fi wé kò pọ̀. Ní ọdún 2019 àwọn ará Netherlands náà dán an wò: ó sọ òtítọ́ nípa oògùn irinotecan, ṣùgbọ́n nípa fluorouracil pẹ̀lú oxaliplatin, kò lè sọ nǹkan tí a lè gbára lé. Ní ọdún 2021 wọ́n tún fi ohun tí àwo sọ tọ́jú aláìsàn 6. Kókó inú àwo ti gbọ́ ti oògùn, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lára àwọn ènìyàn náà kò gbọ́. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìlérí ńláńlá gba owó lọ́wọ́ yín.

ỌBẸ̀ TÍ A FI Ń BỌ́ Ọ

Kí ló dé tí kókó inú àwo àti kókó inú ara fi lè yàtọ̀? Níhìn-ín ni ọ̀nà méjèèjì tí a ti ń tọ̀ bọ̀ pàdé. Ohun tí a bá fi bọ́ jẹjẹrẹ nínú àwo ń yí ìwà rẹ̀ padà.

Láti nǹkan bí ọdún 1955 ni a ti ń lo irú omi oúnjẹ kan fún sẹ́ẹ̀lì inú ìgò. A pò ó kí sẹ́ẹ̀lì lè yára dàgbà. A kò pò ó kí ó lè jọ ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà inú òmíràn nínú wọn tó ìlọ́po 5 ti ẹ̀jẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ní ọdún 2017, Jason Cantor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Whitehead ní Amẹ́ríkà po omi tuntun tí ó jọ omi inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Kíá ni ìwà sẹ́ẹ̀lì yí padà. Wọ́n rí i pé uric acid, tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, tí ó kéré gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ eku, tí kò sì sí nínú omi àtijọ́ rárá, ń dí ọ̀nà kan nínú sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń mú kí fluorouracil má lè pa jẹjẹrẹ bí ó ti ń pa á nínú omi àtijọ́.

Ẹ wo bí ọ̀ràn yìí ti jinlẹ̀ tó! Oògùn tí a ti ń lò fún 60 ọdún, èròjà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa, a kò sì mọ̀ pé ọ̀kan ń dí ọ̀nà mọ́ èkejì, nítorí pé ọbẹ̀ tí a sè fún sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ọbẹ̀ ilé rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń fẹ́ kí gbígbin kókó àti mímọ oúnjẹ rẹ̀ máa lọ pọ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

OHUN TÍ Ó KÙ

Iṣẹ́ yìí kò tíì parí. Kókó inú àwo kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun tí ń gbèjà ara kì í sí nínú ọ̀pọ̀ wọn. Òmíràn kì í hù. Ọ̀sẹ̀ tí a fi ń dúró lè pẹ́ jù fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ le. Owó rẹ̀ pọ̀, kò sì tíì di ohun tí a ń ṣe fún gbogbo aláìsàn, ní ìlú Òyìnbó pàápàá.

Ohun mìíràn sì kan àwa gan-an. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú kókó tí a ti kó jọ sínú àká wọn kì í ṣe láti ara àwọn ènìyàn wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tí ó kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Chicago, tí a sì fún ní ẹ̀bùn MacArthur ní ọdún 2005, ti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn pé jẹjẹrẹ ọmú sábà máa ń mú àwọn obìnrin ìran Áfíríkà nígbà tí wọ́n ṣì kéré, àti pé irú èyí tí oògùn tí ó wọ́pọ̀ kì í ràn ni ó sábà jẹ́ tiwọn. Bí a kò bá gbin kókó tiwa, tí a kò sì wo ẹ̀jẹ̀ tiwa, oògùn tí a bá ṣe yóò máa jẹ́ aṣọ tí a wọn fún ẹlòmíràn. Ìbàdàn ti ń kọ orúkọ àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ sílẹ̀ láti ọdún 1962. Ìpìlẹ̀ wà, ilé ni ó kù tí a ó kọ́ lé e.

KÍ NI KÍ A ṢE NÍNÚ ILÉ?

Ẹ lè bi wá pé kí ni èyí kan ẹni tí ń gbé Ọ̀ṣogbo tàbí Abẹ́òkúta. Ó kàn án, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tí ó bá olúkúlùkù mu ti wà nítòsí, kì í ṣe Utrecht nìkan ni ó wà.

Èkínní, bí a bá gé kókó kan lára ẹnìkan, ẹ má ṣe gbà kí a sọ ọ́ nù láìyẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ ti ọmú, ẹ bèèrè bóyá a ti wò ó bóyá ó jẹ́ irú èyí tí tamoxifen lè ràn lọ́wọ́, tàbí irú èyí tí trastuzumab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1998, lè bá jà. Ẹ fi ìwé àbọ̀ àyẹ̀wò náà pamọ́ bí ẹ ti ń fi ìwé ilẹ̀ pamọ́, nítorí dókítà mìíràn lè bèèrè rẹ̀ lọ́la.

Èkejì, ẹ bọ́ aláìsàn. Bí kò bá lè jẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa fún un ní díẹ̀díẹ̀: ògì pẹ̀lú mílíìkì, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja. Bí ó bá ní ìtọ̀ ṣúgà pẹ̀lú, dókítà ni kí ó sọ ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fi àgbo pamọ́ fún dókítà. Àwọn ewé kan lè dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti fọ́ oògùn, bí a ti sọ nípa DPD. Ẹ sọ ohun gbogbo tí aláìsàn ń mu. Ìtìjú kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí a bá bèèrè lọ́wọ́ yín láti lo díẹ̀ nínú ẹran ara tàbí ẹ̀jẹ̀ fún ìwádìí, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọn yóò fi ṣe, kí ẹ sì rí i pé a kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ rántí Ìyáàfin Lacks. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣàlàyé fún yín dáadáa, ẹ má ṣe kọ̀ nítorí ìbẹ̀rù. Ohun tí a bá kọ́ lára ìyá lónìí lè jẹ́ ìwòsàn ọmọ rẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀karùn-ún, tí ó tóbi jùlọ: ẹ tètè lọ. Kò sí oògùn tí a wọn bá ara ẹni tí ó lè ṣe fún kókó tí ó ti jẹ dé egungun ohun tí ọ̀bẹ dókítà lè ṣe fún kókó tí ó ṣì dà bí hóró àgbàdo. Ìyá tí ó bá fi ọwọ́ kan ohun kan ní ọmú rẹ̀ lálẹ́ òní, kí ó sọ fún ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó sùn, kí wọ́n sì jọ múra ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀.